Èso Tó Bọ́ Kí Ó Tó Pọ́n: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Iṣẹ́ Àwọn Onímọ̀ Oúnjẹ, ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ fi oko àti ọjà sílẹ̀ wá síbí lónìí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra àtiwọ yunifásítì, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ń ṣèwádìí èso, ẹ̀fọ́ àti ẹja, àti lórí bí a ṣe lè máa pèsè oúnjẹ láìba ilẹ̀ àti omi tí àwọn ọmọ wa yóò jogún jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ ju wákàtí kan lọ, nítorí náà ibi tí gbogbo wa mọ̀ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn abẹ́ igi máńgòrò.

Kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàpèjúwe máńgòrò fún. Láti nǹkan bí oṣù kẹta ọdún títí wọ oṣù kẹfà, bóyá ni a ó rí àgbàlá, ilé ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan nílùú yìí tí àwọn ọmọdé kò ní máa sọ òkò sí igi rẹ̀. Orúkọ ìlú wa ti di orúkọ oríṣi máńgòrò kan lẹ́nu àwọn tó ń tà á káàkiri Nàìjíríà. Síbẹ̀, ẹni tó bá wo ilẹ̀ abẹ́ igi náà dáadáa yóò rí i pé ọ̀pọ̀ èso ló ti bọ́ kí ó tó pọ́n, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan rọ̀, tí ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́ sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá la irú èso bẹ́ẹ̀ tí a bá ìdin nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni pé òjò ló bà á jẹ́, tàbí pé ó ti pẹ́ jù lórí igi. A ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, a ó mú òmíràn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé jíjù tí a ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Eṣinṣin ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Abo rẹ̀ yóò bà lé èso tó ti gbó ṣùgbọ́n tí kò tíì pọ́n, yóò fi ìdí rẹ̀ tó mú ṣóńṣó gún èèpo, yóò sì yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹyin yẹn yóò di ìdin, ìdin yóò máa jẹ inú èso náà, èso yóò rọ̀, yóò sì bọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá bọ́ ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Ìdin náà yóò jáde kúrò nínú èso, yóò wọnú ilẹ̀ díẹ̀, kò ní jìn ju ìbú ìka ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ, yóò di ohun kan tó le bí hóró ọkà kékeré, nígbà tó bá sì tó bí ọjọ́ mẹ́wàá sí i, eṣinṣin tuntun yóò yọ sókè láti lọ yé ẹyin tirẹ̀ sára èso tó kù lórí igi. Èyí ni pé òkìtì máńgòrò jíjẹrà tí a gbá jọ sí ẹ̀yìnkùlé ni àwọn eṣinṣin tí yóò ba máńgòrò oṣù tó ń bọ̀ jẹ́ ti ń jáde wá.

Àwọn eṣinṣin èso kan wà tí wọ́n jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ceratitis cosyra wà lára àwọn tó fẹ́ràn máńgòrò jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003, wọ́n rí òmíràn ní Kenya tí kò jọ àwọn tí wọ́n mọ̀. Icipe, ibùdó ìwádìí kòkòrò tí Thomas Odhiambo, ọmọ Kenya, dá sílẹ̀ ní Nairobi ní ọdún 1970, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Kò ju ọdún mélòó kan lọ tí àjèjì yìí fi dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà náà kò sì yọ sílẹ̀. Ní 2005, wọ́n sọ ọ́ ní Bactrocera invadens, wọ́n gbà pé ẹ̀yà tuntun ni. Ní 2015, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àwọn onímọ̀ mìíràn fi ẹ̀rí hàn pé Bactrocera dorsalis tí ilẹ̀ Éṣíà ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ ni, wọ́n sì yí orúkọ náà padà. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ro ọ̀rọ̀ orúkọ yìí dáadáa. Orúkọ kòkòrò ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ra èso ń wò kí wọ́n tó pinnu èyí tí wọn yóò gbà wọlé àti èyí tí wọn yóò dá padà ní bèbè òkun, nítorí náà ẹni tó jókòó ti máíkíróskóòpù tó ń ka irun ẹsẹ̀ eṣinṣin ń ṣe iṣẹ́ tó kan àpò àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Kí ni wọ́n wá rí ṣe sí i? Wọ́n ṣàkíyèsí pé akọ eṣinṣin yìí kò lè kọ òórùn kan tí ń jẹ́ methyl eugenol. Ẹ̀yà ẹfinrin kan tí wọ́n ń gbìn ní Íńdíà ní òórùn náà nínú. Bí a bá fi í sínú ike pẹ̀lú ìwọ̀nba oògùn apakòkòrò, tí a sì so ike náà kọ́ sórí igi, àwọn akọ yóò wọ́ wá sínú rẹ̀, wọn yóò kú síbẹ̀, abo kò ní rí akọ tí yóò gùn ún, oògùn kò sì ní kan èso rárá. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù lọ ni ti èèrà. Gbogbo wa mọ èèrà pupa tí ń fi ewé hun ilé sórí igi, tí kì í jẹ́ kí ẹni tó gun máńgòrò gbádùn. Ní orílẹ̀-èdè Benin tó wà nítòsí wa yìí, Paul Van Mele, Jean-François Vayssières àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wo oko máńgòrò tí èèrà náà pọ̀ sí, wọ́n sì rí i pé eṣinṣin èso kì í fẹ́ yé ẹyin sára èso tí èèrà ti rìn lórí rẹ̀, kódà lẹ́yìn tí èèrà ọ̀hún ti kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ti ń kó ilé èèrà bẹ́ẹ̀ sórí igi ọsàn láti ohun tó lé ní 1,600 ọdún. Níhìn-ín, iná ni a fi ń jó o. Mo rọ ẹ̀yin tí ẹ ní ọgbà pé kí ẹ dáwọ́ iná náà dúró, kí ẹ jẹ́ kí èèrà máa gbé orí igi títí di ìgbà ìkórè, kí ẹni tí yóò ká èso sì fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó gùn ún, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbẹ̀ kan ti ń ṣe.

Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí kòkòrò àjèjì yóò dojú kọ máńgòrò wa. Ní àwọn ọdún 1980, kòkòrò kan tí ń jẹ́ Rastrococcus invadens wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ìhà gúúsù Éṣíà. Togo wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ fojú hàn, kò sì pẹ́ tí ó fi dé ọ̀dọ̀ tiwa. Abẹ́ ewé máńgòrò funfun bí ẹni pé wọ́n lẹ òwú mọ́ ọn, òkè rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Kòkòrò náà ló ń fa omi ara igi mu, ó ń tọ ohun kan tó dùn bí oyin sórí àwọn ewé ìsàlẹ̀, ohun dúdú náà sì ń hù lórí adùn yẹn títí oòrùn kò fi ní rí ewé bá ṣiṣẹ́ mọ́. Igi ńlá tí bàbá àgbà gbìn kò so mọ́, àwọn kan sì gé tiwọn lulẹ̀. Ibi tí kòkòrò náà ti wá ni àwọn onímọ̀ lọ wá ọ̀tá rẹ̀ sí. Wọ́n mú agbọ́n kékeré kan tí ń jẹ́ Gyranusoidea tebygi láti Íńdíà, agbọ́n tó jẹ́ pé inú ara kòkòrò yẹn ló ń yé ẹyin rẹ̀ sí, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Togo ní ọdún 1987. Igi bẹ̀rẹ̀ sí so padà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹ máńgòrò lónìí ló ń jẹ èrè iṣẹ́ agbọ́n tí kò rí rí.

Àwọn tó ṣe ìyẹn kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo, nítorí pé orí ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìlú tó mọ láfún bíi tiwa kò gbọdọ̀ gbàgbé ìtàn yìí. Ní 1973 ni wọ́n kọ́kọ́ rí kòkòrò funfun kan lára ẹ̀gẹ́ ní agbègbè odò Congo, ó sì tàn dé ibi gbogbo tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà, tí ìyà ebi fi ń halẹ̀ mọ́ àìmọye ènìyàn. Hans Rudolf Herren, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, dé sí IITA, ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru tó wà ní Ìbàdàn, ní 1979 láti wá ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó ro ó báyìí pé ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Áfíríkà, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un wá, nítorí náà ibẹ̀ ni kòkòrò yìí àti ohun tí ń pa á gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà tóbi, wọ́n sì wá a káàkiri kí Tony Bellotti, tó ń ṣiṣẹ́ ní Colombia, tó rí i ní Paraguay ní 1981. Agbọ́n tí wọ́n bá níbẹ̀ kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Wọ́n kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti rí i dájú pé kò ní ba ohun mìíràn jẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó o wá sí Ìbàdàn, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tú u sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Ìgbà tó yá, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú dà á sílẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ mo máa ń rántí àwọn ọmọ wa ní Ìbàdàn tí wọ́n ń jí ní òwúrọ̀ kùtù láti gbin ẹ̀gẹ́ sínú ike, láti sin kòkòrò sára ẹ̀gẹ́ náà, láti sin agbọ́n sára kòkòrò, lójoojúmọ́, láìsí ọjọ́ ìsinmi, nítorí pé bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kú, gbogbo iṣẹ́ dúró. Ẹni tó bá ní sùúrù bẹ́ẹ̀ ní àyè nínú iṣẹ́ yìí, yálà ó ní oyè ọ̀mọ̀wé tàbí kò ní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ọ̀pọ̀ nínú yín kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, àwọn tí máàkì wọn kò tó ni wọ́n sì ń fún ní ìmọ̀ ọ̀gbìn, bí ẹni fi èèpo iṣu fún àlejò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún èmi náà. Mo sunkún ní ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, bàbá mi tó jẹ́ àgbẹ̀ kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, nítorí pé kí n má baà di ọkọ́ mú ló ṣe ta ilẹ̀ kó lè rán mi níwèé. Ọdún márùn-ún ni a fi ń kọ́ ọ, a ó sì lo èyí tó pọ̀ nínú ọdún kẹrin lóko, níbi tí a ti ń kọ ebè, tí a ń kó igbẹ́ adìẹ, tí a ń wọn omi adágún. Ọdún kẹrin yẹn ló yí mi lọ́kàn padà. Ọ̀gá kan bi mí pé kí ló dé tí ewé tòmátì ẹ̀gbẹ́ kan fi ń rọ tí ti ẹ̀gbẹ́ kejì kò sì rọ, n kò mọ̀ ọ́n, òun náà ní òun kò tíì mọ̀ ọ́n, ó ní kí a jọ wá a. N kò tíì gbọ́ rí tẹ́lẹ̀ kí olùkọ́ sọ fún mi pé òun kò mọ nǹkan.

Ọ̀nà tó wà níwájú ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ pọ̀ ju bí a ti ń rò lọ. LAUTECH, yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, wà nínú ìlú yìí láti 1990. NIHORT, ibùdó ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, wà ní Ìdí-Ìṣìn ní Ìbàdàn láti 1975. Ibùdó ìwádìí kòkó tó wà ní Ìbàdàn bákan náà ló ń ṣèwádìí kajú, èso tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa ń fi gbọ́ bùkátà. Ìwádìí nípa títọ́jú irè oko lẹ́yìn ìkórè ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní Ìlọrin, ti ẹja omi odò wà ní New Bussa, ti òkun sì wà ní Èkó. N kò ní tàn yín jẹ pé ó rọrùn. Mo ti ṣiṣẹ́ níbì kan tí a kó àpẹẹrẹ èso ọdún méjì sínú ẹ̀rọ amóhun-dì, tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí owó dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ kò sì jáde láti ọ́fíìsì tó yẹ kó ti jáde. Nígbà tí a ṣí ẹ̀rọ náà, òórùn ló kí wa. Ọmọbìnrin tó ń fi iṣẹ́ náà gba oyè jókòó sílẹ̀, kò lè dìde. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún méjì yẹn kò padà sọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, ẹ̀bi tèmi sì ni. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo lọ sí oko bàbá kan ní ọ̀nà Gámbàrí fún àkókò máńgòrò méjì, mo ń ka èso tó bọ́, mo ń ka ìdin, bàbá náà ń fún mi ní omi àti àyè láti jókòó. Mo kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ̀ ẹ́, mo rí ìgbéga gbà. N kò padà lọ sọ ohun tí mo rí fún un. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo gba ibẹ̀ kọjá, mo rí i tí ó ṣì ń gbá èso jíjẹrà jọ sí ìdí igi gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Ohun tí ìbá gba oko rẹ̀ là wà nínú ìwé tí kò lè kà, èmi ni mo sì kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ ni ìwádìí oúnjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ẹni náà ló sì gbọ́dọ̀ padà dé, ní èdè tó gbọ́, kí a tó lè sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ fún yín ní Yorùbá lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kàn sí ọ̀rọ̀ ẹja. Ìlú wa jìnnà sí òkun. Títúsì, kòtẹ́, ṣáwà àti pańla tó ń dé ọjà Wàsò, ní dídì tàbí ní gbígbẹ ló ń dé, òkèèrè ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti ń wá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí dọ́là bá gbéra, ẹja inú ọbẹ̀ wa yóò kéré sí i. Àrọ̀ ni ẹja tí a lè sìn lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n kì í yé ẹyin nínú adágún tí a gbẹ́ fún un. Nínú odò, ìkún omi àkókò òjò ló ń sọ fún un pé ìgbà ti tó. Adágún kì í kún bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹyin yóò gbó nínú ikùn rẹ̀ láìjáde. Ní àwọn ọdún 1930, Bernardo Houssay ní Argentina àti Rodolpho von Ihering ní Brazil fi hàn pé bí a bá yọ kókó kékeré kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ ẹja, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì fi abẹ́rẹ́ gún un sára ẹja mìíràn, ara ẹja náà yóò ṣe bí ẹni pé odò ti kún. Láàárín àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Cameroon, ní Central African Republic àti ní Netherlands sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ fún àrọ̀. A ó gún abo lábẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ẹyin yóò máa ṣàn bí a bá rọra fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀. Akọ kò ṣeé tẹ̀ bẹ́ẹ̀, pípa ni a ń pa á kí a tó lè rí àtọ̀ rẹ̀. A ó da méjèèjì pọ̀ sínú abọ́ gbígbẹ, a ó bu omi díẹ̀ sí i, a ó sì yára rò ó, nítorí pé kì í pẹ́ rárá kí àtọ̀ náà tó kú nínú omi. Ní nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀, gẹ́gẹ́ bí omi bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́ sí, àwọn ọmọ yóò ti jáde. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ara mi ṣì ń yá gágá bí ti ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ojú ara mi rí i.

Lẹ́yìn èyí ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Àrọ̀ àgbà lè gbé orí sókè mí afẹ́fẹ́ wa, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò tíì ní ohun tí yóò fi mí in, nítorí náà bí afẹ́fẹ́ inú omi bá tán lóru, a ó bá wọn ní funfun lójú omi láàárọ̀. Bí wọ́n bá sì yè é, àwọn kan yóò yára dàgbà ju ẹgbẹ́ wọn lọ, àwọn tí ọlọ́sìn ẹja ń pè ní ṣútà, wọn yóò máa gbé àwọn yòókù mì bí a kò bá tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Oúnjẹ àkọ́jẹ tí ọ̀pọ̀ ń fún wọn ni Artemia, ohun abẹ̀mí bíńtín kan tí ẹyin rẹ̀ ń wá nínú agolo, Great Salt Lake ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ẹ rò ó wò: ọmọ ẹja tí a bí ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè jẹun àkọ́kọ́ bí adágún oníyọ̀ kan ní òdìkejì ayé kò bá so. Àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké wà nínú omi tiwa tí a lè sìn rọ́pò rẹ̀, ẹni tó bá sì fi ogún ọdún ayé rẹ̀ ṣe ìyẹn ní àṣeyọrí kò fi ayé rẹ̀ ṣòfò.

Ní ti oúnjẹ ẹja tó ti dàgbà, òun ló ń gbé owó ọlọ́sìn lọ jù. Lára ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ni ẹja kéékèèké inú òkun tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná, ẹja tí ènìyàn ìbá jẹ. Níbí ni máńgòrò jíjẹrà wa tún ti wọ ọ̀rọ̀. Eṣinṣin dúdú kan wà, Hermetia illucens, tí kì í ba èso orí igi jẹ́ rárá. Ohun jíjẹrà ni ìdin rẹ̀ ń jẹ, ìdin náà a sì sanra, a sì kún fún èròjà amáradàgbà tí ẹja àti adìẹ lè jẹ. Wọ́n ń sìn ín ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè báyìí. Omi tí a bá yọ kúrò nínú adágún àrọ̀, tí à ń tú dà sí gọ́tà tí ó ń rùn sí aládùúgbò, ni ìbá sì bomi rin ẹ̀fọ́.

Obìnrin méjì ni mo fẹ́ dárúkọ kí n tó jókòó. Shakuntala Thilsted, tí wọ́n bí ní Trinidad, lọ ṣiṣẹ́ ní Bangladesh, ó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí: ó yẹ àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí tálákà ń jẹ wò. Ó rí i pé nítorí pé torí-teegun ni wọ́n ń jẹ wọ́n, wọ́n kún fún fítámì A, èròjà irin àti ohun tí ń mú eegun le ju ẹran ẹja ńlá tí a gé lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sin ẹja wẹ́wẹ́ tí ń jẹ́ mola pọ̀ mọ́ ẹja ńlá nínú adágún kan náà, èyí tó tóbi fún ọjà, èyí tó kéré fún ọmọ ilé. Ní 2021, ó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé. A ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ọmọ tí a bá fún ní ẹyin àti ẹran yóò di olè. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ edé àti ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ sínú ẹ̀kọ ọmọ. Ẹnì kejì ni Mary Abukutsa-Onyango ti Kenya. Ẹran, wàrà àti ẹyin kò bá a lára mu ní kékeré, ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ ló fi dàgbà, ó sì wá di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ ní ìgbà tí àwọn ènìyàn ń pè é ní èpò. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀, ẹ̀fọ́ yánrin, ebòlò, ọ̀dú: iṣẹ́ tó pọ̀ ṣì wà lórí irúgbìn wọn, àwọn kan nínú wọn kò sì sí ibi tí a ti lè ra irúgbìn gidi wọn ju ọwọ́ àwọn ìyá àgbà lọ.

Lẹ́yìn tí mo jókòó, ìyá kan tó ń ta máńgòrò dìde. Ó ní òun ti gbọ́ rí pé kí a máa ri èso tó bọ́ mọ́lẹ̀ kí eṣinṣin inú rẹ̀ má baà jáde, ṣùgbọ́n ilé mẹ́fà ló yí igi òun ká, níbo ni òun yóò gbẹ́ ilẹ̀ sí? Mo sọ fún un pé kí ó máa ṣa èso náà lójoojúmọ́ sínú náílọ̀n dúdú tí kò lu, kí ó so ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ó sì gbé e sínú oòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ooru yóò pa ìdin inú rẹ̀, ohun tó bá kù yóò sì di ajílẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó bi mí pé ṣé ajílẹ̀ náà kò ní gbóná jù fún ewédú òun. Mo ní kí ó bù ú sí ebè méjì péré, kí ó fi ebè méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i, kí ó máa bomi rin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà. Mo ní n óò wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí a jọ wò ó.